Ọwọ́ Tí O Gbé Sókè ní Bàsílà

Sálíù, Àkànní mi,

Ara mi le. Ara gbogbo ará ilé náà le, òjò ń rọ̀ bó ṣe yẹ, iṣu sì ta dáadáa lọ́dún yìí. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí àyà rẹ má bàa já nígbà tí o bá rí ìwé gígùn báyìí lọ́wọ́ ìyá tí kì í kọ ju ìlà méjì lọ kó tó ní ọwọ́ ń dun òun. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ohun tí o ṣe ní Bàsílà, ẹnu ṣì ń yà mí. Màá jí láàárọ̀, màá bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, màá sì dúró láàárín àgbàlá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, màá máa bi ara mi pé ṣé lóòótọ́ ni.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi àti Ìyá Ráfátù ọ̀rẹ́ mi jókòó síwájú ilé, à ń ṣa ẹ̀wà. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a ò tilẹ̀ fetí sí i. Ni akéde bá ní ìgbìmọ̀ mérì tó ń ṣàkóso agbègbè wa ní Bàsílà ti pinnu pé láti ọdún yìí lọ, ẹni tó bá fẹ́ lè ta iṣu tuntun fún àwọn oníkámíọ̀ tó ń kó ẹrù lọ létí títì kí ọjọ́ àwọn àgbà tó pé, pé inú ọjà nìkan ló kù tí wọn ò ti gbọ́dọ̀ tà á. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní irọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kejì nìyẹn, pé àwọn tiwa ò lè gbà. Ẹ̀rín yẹn ò tíì tán lẹ́nu mi tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn kọ́ńséyè ẹgbẹ́ wa, àwọn tí a dìbò rán lọ síbẹ̀, tó bá wọn gbé ọwọ́ sókè. Ó pe orúkọ rẹ. Ó pe orúkọ bàbá rẹ tó ti wà nínú ilẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Ráfátù na ọwọ́, ó pa rédíò. Ó ní, "Ìyá Sálíù, ṣé Sálíù wa nìyẹn?"

Mo ní, "Rárá o. Sálíù mìíràn ni."

Háà! Èmi tí mo bí ọ, mo sẹ́ ọ lọ́sàn-án gangan, níwájú ẹni tó bá mi gbẹ̀bí rẹ. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá mi lójijì débi pé irọ́ ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Ìyá Ráfátù wò mí, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà tirẹ̀ lọ.

Bóyá Bàsílà ti mú ọ gbàgbé, nítorí náà màá sọ ọ́ fún ọ bí ẹni ń sọ fún àlejò. Ní Manígìrì níbí, a kì í ta iṣu tuntun, a kì í sì í gún un jẹ, títí di ọjọ́ tí ẹni tó dàgbà jù láàárín wa bá fi iyán rẹ̀ kan ẹnu. Bàbá Sàkà lẹni náà lónìí. Olówó ń dúró, tálákà ń dúró. Àwọn oníkámíọ̀ á pa kámíọ̀ wọn sí ojú títì, wọ́n á máa fi owó tan àwọn ọ̀dọ́, àwọn ọ̀dọ́ á sì ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ìwọ náà mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀, o ti kọ ebè rí. Tí a bá gé iṣu láìtó ọjọ́, orí tó kù nínú ebè kì í ta dáadáa mọ́, ẹni tó gé e á sì máa tọrọ èèbù kiri lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní kò sí ti èèbù níbẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú ṣì ń ṣe pa pọ̀ láìsí ọlọ́pàá nìyẹn.

Torí ẹ̀ la ṣe dìbò fún ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ kejì dúró lójú wa, wọ́n ní tí àwọn bá wọlé àwọn máa mú òfin àtijọ́ yẹn kúrò. Ẹgbẹ́ wa ní kò ní ṣeé ṣe. Ìwọ fúnra rẹ gun orí àga lẹ́nu ọ̀nà ọjà, o ní, "Iṣu tuntun kan ò ní gun kámíọ̀ lójú mi kí Bàbá Sàkà tó jẹun." A hó yèè! Èmi náà hó títí ohùn mi fi há. Mo ti ojúlé dé ojúlé fún ọ, Àkànní. Mo wọ ilé àwọn tí mi ò wọ ilé wọn rí. Mo ní ẹ bá mi dìbò fún ọmọ mi, mo mọ ohun tí mo bí.

Ìgbà tí mo pè ọ́ lórí pọ́tábù lálẹ́ ọjọ́ náà, o ní, "Ìyá, ẹ fara balẹ̀, kọ́ńsẹ́ńsù ni." Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? O ní ó túmọ̀ sí pé gbogbo èèyàn fohùn ṣọ̀kan. Gbogbo èèyàn wo? Ta ló bi mí? Ta ló bi Bàbá Sàkà? O tún ní ọwọ́ tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ, pé tí ẹ ò bá gba ti etí títì yẹn, wọn ì bá gba inú ọjà náà mọ́ ọn, pé ìdajì sàn ju òfo lọ. Ohùn tí o fi ń sọ ọ́ ni mi ò lè fara dà, ohùn àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì. Mo pa pọ́tábù náà mọ́ ọ lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé, kí o má bàa ráyè dá mi lóhùn kí n tó sọ tèmi tán.

Ṣé o fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ? Ìyá Ráfátù ní, "Àwọn tó ní àwọn máa gbá mi létí, mo ti múra dè wọ́n. Ẹni tó ní òun máa gbà mí sílẹ̀ ló lọ di ọwọ́ mi mú." Ìyá Ráfátù tó gbé ọ pọ̀n o! Alájì Lámídì, oníṣẹ́ àwọn àgbà, ní bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ní gbogbo àwọn tí a ń rán lọ, ẹni tiwa ni wọ́n máa ń jẹ́ tí wọ́n bá ń kúrò níbí, tí wọ́n bá dé Bàsílà tán wọ́n á di ẹni gbogbo ayé. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò rí ìdáhùn sí, bóyá ìwọ lè rí i. Ó ní, "Àárín tí àwọn ọmọ yín máa ń sọ yìí, ta ló ń rìn wá síbẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ ti rí i kí ẹgbẹ́ kejì sún díẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa rí? Àwa nìkan ni wọ́n máa ń ní ká sún. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á ní àárín ti kúrò níbi tó wà, ká tún sún."

Ní ọjà, wọ́n ti fún mi lórúkọ. Ìyá Alágbedeméjì. Wọ́n á kí mi tẹ̀rín tẹ̀rín, wọ́n á ní, "Ìyá Alágbedeméjì, ẹ káàárọ̀ o, àbí ká ní ẹ káàsán?" Wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá délé, ó ń dùn mí wọra.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Èyí tó dé kẹ́yìn ló gba ẹ̀mí lẹ́nu mi. O mọ̀ pé èmi ni mo ń gún iyán tí Bàbá Sàkà máa ń kọ́kọ́ tọ́ wò lọ́jọ́ iṣu tuntun. Ìyá bàbá rẹ ló fi ọmọ odó yẹn lé mi lọ́wọ́ kó tó kú. Àwọn àgbà rán Alájì Lámídì sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó jókòó, ó mu omi, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní wọ́n ní kí n mú ọ̀kan nínú méjì: kí n dìde láàárín ìlú kí n sọ pé mi ò sí nídìí ohun tí o ṣe, pé mi ò bá ọ mọ̀ nípa rẹ̀, tàbí kí n dá ọmọ odó padà kí wọ́n fi fún ẹlòmíràn. Màá sọ ohun tí mo dá a lóhùn fún ọ. Kọ́kọ́ gbọ́ ìmọ̀ràn mi ná, torí ẹnu iṣẹ́ tuntun lo wà, kò sì sẹ́ni tó máa gbà ọ́ nímọ̀ràn ní Bàsílà láì fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ.

Àkọ́kọ́. Má tún sọ fún mi pé ìdajì sàn. Èmi gan-an ti ṣe ìdajì rí, nínú ilé yìí náà.

O mọ̀ pé Bàsílà ni wọ́n bí mi sí, nítorí òwò bàbá mi, ibẹ̀ ni mo sì dàgbà sí, kí bàbá rẹ tó fẹ́ mi wá sílé. Mi ò mọ òfin Manígìrì dénú. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, iṣu àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láká, èyí tó kù ti hù, tí a bá gún un, kókó ló máa ń yọ. Ìyá bàbá rẹ ò fẹ́ iyán kókó. Bàbá rẹ ní tirẹ̀ ti mú iṣu tuntun kan wálé láti oko, ó ní òun kàn fẹ́ wo bó ṣe ta ni, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wò ó, ojú ebi ni. Mo ní mo mọ ohun tí màá ṣe. Mo bẹ iṣu tuntun, mo bẹ ti àtijọ́, mo sè wọ́n nínú ìkòkò kan, mo sì gún wọn pọ̀ nínú odó kan náà. Mo ní ti àtijọ́ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ní mo rú òfin. Ti tuntun wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ní iyán ò dára. Mo tiẹ̀ ń kọrin tí mo fi ń gún un! Mo rò pé kò sí ìyàwó tó gbọ́n tó mi láti Bàsílà títí dé Alédjo.

Ìyá bàbá rẹ bu òkèlè kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. Ó ní, "Kí lo fi sínú ẹ̀?" Mo ṣàlàyé. Mo ní, "Ìyá, ìdajì péré ni." Ó gbé àwo náà, ó yí i po, ó tún yí i po. Ó wá fi pẹ̀lẹ́ bi mí pé, "Ìdajì wo ni tèmi níbẹ̀? Fi hàn mí, kí n jẹ ẹ́."

Sálíù, mo wo iyán náà. Níbo ni mo fẹ́ fi hàn? Òun ò jẹ ẹ́, bàbá rẹ náà ò lè jẹ ẹ́ mọ́, adìẹ ló jẹ ẹ́. Ohun tí o ṣe ní Bàsílà nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ máa tà nígbà tó bá wù wọ́n ń bínú torí inú ọjà tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n ti tà á. Àwa náà ń bínú. Ta wá ni ìdajì yẹn tẹ́ lọ́rùn, àyàfi ẹ̀yin tí ẹ gún un?

Èkejì. Ọwọ́ tó ò ń gbé sókè níbẹ̀, ọwọ́ wa ni. Mo gbà pé ibò yín ò tó. Èmi náà mọ ìṣirò, mo ti tà, mo ti rà. Ṣùgbọ́n láti Bàsílà sí ibí, kí ni jíjìn rẹ̀? O ì bá gun alùpùpù sẹ̀míjáàn, kí o wá jókòó níwájú Bàbá Sàkà, kí o ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ti rí báyìí, wọ́n pọ̀ jù wá lọ, ìdajì la lè rí gbà. Kí ni kí n ṣe?" Bóyá a ì bá ní kí o gba ìdajì náà. Bóyá a ì bá ní kí o pa ọwọ́ rẹ mọ́lẹ̀ kí wọ́n borí wa, kí gbogbo èèyàn lè mọ ẹni tó ṣe é. Èyíkéyìí tá a bá sọ, àwa la sọ ọ́. Ohun tó ń bí wọn nínú nìyí, kì í ṣe etí títì nìkan. Ẹ máa ń fi ẹnu wa tọrọ ibò, ẹ ó sì wá fi ẹnu tiyín ná an.

Ẹ̀kẹta, mi ò ní kí o máa bá ẹgbẹ́ kejì jà o. Má gbọ́ mi lódì. Kí wọn dáadáa, bá wọn jẹun, tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wọ́n, lọ bá wọn dárò. Àwọn kan níbẹ̀ jẹ́ ìbátan mi níhà ìyá. Èèyàn lè sọ pé rárá láì gbé ohùn sókè. Ìyá bàbá rẹ ò jágbe mọ́ mi nídìí àwo iyán yẹn, síbẹ̀ mi ò tún gún iṣu méjì pọ̀ mọ́.

Mo ní màá kà á, mi ò mọ iye tó dé báyìí mọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé kí o máa wo ẹni tó ń kí ọ kú iṣẹ́. Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, ta ló kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́? Ta ló ní o jẹ́ ọmọ tó lóye, tí kò ya aláìgbọ́n bí àwọn ará oko? Tí kì í bá ṣe ọ̀kan nínú àwọn tó dìbò fún ọ, bi ara rẹ pé kí ló dé tí inú onítọ̀hún fi dùn bẹ́ẹ̀. Mo dàgbà sí ìlú yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Bàsílà dùn ún gbé. Wọ́n á pè ọ́ ní mùsíọ̀ kọ́ńséyè láàárọ̀, wọ́n á pè ọ́ bẹ́ẹ̀ lálẹ́, kí o tó mọ̀, etí rẹ ò ní fẹ́ gbọ́ Sálíù lásán mọ́.

Kí o sì máa jẹun. Ìyàwó rẹ pè mí. Má bú u, èmi ni mo ní kó sọ fún mi. Ó ní láti ìgbà yẹn o kì í jẹ àjẹtán, o sì máa ń pa rédíò tí wọ́n bá ti dárúkọ Manígìrì. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni omi bọ́ lójú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní, ó dáa, ọmọ mi ni lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún.

Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ iyán yẹn. Lẹ́yìn tí adìẹ jẹ ẹ́ tán, ìyá bàbá rẹ ní kí n dìde, kí n lọ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún bàbá tó dàgbà jù nígbà náà. Mo ní, "Ìyá, kò sẹ́ni tó rí wa o." Ó ní, "Èmi rí ọ." Ó bá mi rìn dé ẹnu ọ̀nà bàbá náà. Mo rò pé ó máa bá mi bẹ̀bẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí obìnrin yẹn ṣe? Ó kọjá níwájú mi, ó lọ jókòó láàárín àwọn àgbà, òun ló sì kọ́kọ́ bú mi! Ó bú mi débi pé bàbá náà ló ní kó ṣe jẹ́ẹ́. Mo sunkún. Ìgbà tí wọ́n bá mi wí tán, ó mú mi lọ́wọ́, a padà sílé, ó fún mi lóúnjẹ, kò sì tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí tó fi kú. Ọdún pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn kó tó pè mí, kó fi ọmọ odó lé mi lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi, èmi tí mo gún iyán adìẹ. Ó ní torí pé mo fi ẹsẹ̀ ara mi wá sọ ọ́ ni.

Ohun tí mo dá Alájì Lámídì lóhùn rèé. Mo ní kó sọ fún àwọn àgbà pé ohun tí ọmọ mi ṣe ò dára, mo sì ti sọ ọ́ fún un, màá tún sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní dìde láàárín ìlú kí n ní mi ò bá a mọ̀. Mo ti sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan níwájú Ìyá Ráfátù, ó tó. Mo wọlé, mo gbé ọmọ odó náà jáde, mo nà án sí i. Kò gbà á. Ó wò ó títí, ó fi í ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àwọn máa wá gbé e tó bá ku ọ̀la kí iṣu tuntun wọlé. Ibẹ̀ ló wà báyìí. Tí mo bá ń wọlé mo ń rí i, tí mo bá ń jáde mo ń rí i.

Nítorí náà, máa bọ̀. Wá lọ́jọ́ ọjà, ní ọ̀sán, kí gbogbo èèyàn lè rí ọ. Sọ̀ kalẹ̀ létí títì níbi tí àwọn kámíọ̀ wà, kí o fi ẹsẹ̀ rìn gba àárín ọjà lọ sílé Bàbá Sàkà. Má mú ẹnikẹ́ni láti mérì dání, má sì sọ̀rọ̀ kọ́ńsẹ́ńsù fún wọn. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ìdí tí ẹ̀rù fi bà ọ́, àti ohun tí o máa ṣe nígbà tí wọ́n bá tún pè yín láti gbé ọwọ́ sókè. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa dárí jì ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa fi ọmọ odó náà sílẹ̀ fún mi. Wọ́n lè gbé e lọ lójú rẹ. Wá bẹ́ẹ̀ náà.

Má sì máa fi ojú wá mi níbẹ̀ pé kí n gbà ọ́ sílẹ̀. Àárín àwọn obìnrin ni màá jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ráfátù, èmi ni màá sì kọ́kọ́ bú ọ. Ṣé o ti gbọ́? Tí gbogbo wa bá bú ọ tán, wá sílé wá jẹun. Màá ti gún iyán dè ọ́. Yóò ní kókó díẹ̀, torí iṣu àtijọ́ ni.

Èmi ni ìyá Sálíù. Sálíù yìí náà, kì í ṣe òmíràn.